Rumaysa: Orúkọ Ìyá Anas Tí Àwọn Òbí Ìwòyí Ń Sọ Ọmọ Wọn

 

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ orúkọ ni a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí mo kọ́ ní kéú ló pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Àkọ́bí ni, obìnrin sì ni. Mo rò pé ó fẹ́ rán mi létí àsìkò ni. Àṣé ẹjọ́ ló fẹ́ rò. Ó ní, "Ùsítáàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n jẹ́ áfáà ní àwọn ò ní fi ẹnu àwọn pe orúkọ tí a mú wá."

Rumaysa ni orúkọ tí wọ́n mú wá. Ìyàwó rẹ̀ ti ń fi orúkọ yìí pe ọmọ láti inú oyún. Ó ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ó sì rí níbẹ̀ ni pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìdì òdòdó. Ó dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ náà sínú ìwé fún Bàbá Áfáà, bàbá yẹn kì í ṣe ẹni tí ń pe ohun tí wọn kò mọ̀. Wọ́n gbé ìwé atúmọ̀ èdè Lárúbáwá wọn sílẹ̀, wọ́n tú u títí wọ́n fi dé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ipin ojú. Ipin tí a máa ń nù kúrò lójú lárọ̀! Wọ́n béèrè pé ta ni yóò gbé ọmọ jáde síwájú ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn kí ó wá pè é ní ipin. Ìyàwó bú sẹ́kún. Ó ní torí pé orúkọ náà jẹ́ tuntun ni wọ́n ṣe kọ̀ ọ́.

Mo sọ fún un pé Bàbá Áfáà ka ìwé wọn dáadáa, ìyàwó rẹ̀ náà sì mú orúkọ tó dára. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ùsítáàsì, ṣé ẹ ń fi mí ṣeré ni?" N kò fi í ṣeré. Ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, mo sì fẹ́ fi àwọn nǹkan tí àsìkò kò jẹ́ kí n sọ kún un.

Kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí orúkọ náà fi ṣàjèjì sí etí wa. Bí ẹ bá wọ ilé Mùsùlùmí kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ẹ sì béèrè orúkọ àwọn ìyá àti ìyá àgbà ibẹ̀, irú èyí ni ẹ ó gbọ́: Ràmọ́tù, Rìsíkátù, Kùdírátù, Nímọ́tà, Adíjátù, Àmínátù, Fàtímátù. Ẹ wo ìparí wọn. "Tù" tí ó pọ̀ níbẹ̀ yẹn, láti inú gírámà ló ti wá. Nínú èdè Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ abo sábà máa ń parí pẹ̀lú táà róbótó kan. Bí ènìyàn bá dúró lórí rẹ̀, yóò pè é ní "Khadijah". Bí kò bá dúró, tí ó pe àmì rẹ̀ jáde, "Khadijatu" ni. Bí a ṣe ń pè é nínú ìwé ni àwọn áfáà wa àtijọ́ ṣe mú un lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ni ẹnu Yorùbá ṣe gbà á, ni ó di Adíjátù. Àwọn Haúsá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe rárá, bí àwọn ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ ń fi orúkọ ìyá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé púpọ̀ nínú àwọn orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ ẹnì kan pàtó nínú àwọn sàábé. Ọ̀rọ̀ rere ni wọ́n. Ràmọ́tù wá láti ara àánú, Kùdírátù láti ara agbára, Nímọ́tà láti ara ìdẹ̀ra, Rìsíkátù láti ara arísìkí. Bí Yorùbá ṣe ń sọ ọmọ ní Ayọ̀ tàbí Ọlá ni àwọn baba wa ṣe lo Lárúbáwá: wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ tó dùn, wọ́n sì fi ṣe àdúrà sórí ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn àgbà máa ń béèrè fi jẹ́ "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Àwọn òbí ìwòyí ń béèrè ìbéèrè mìíràn. "Ta ló jẹ́ ẹ rí?" ni tiwọn. Èmi kò rò pé ó ṣẹlẹ̀ lásán. Láti ìgbà tí Sheikh Adam Abdullah al-Ilori ti dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, irú ilé-kéú bẹ́ẹ̀ ti tàn káàkiri. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, náà ti wà láti 1954. Àwọn ọmọ tí ó jáde láti ibẹ̀, tàbí tí ó lọ sí yunifásítì tí wọ́n sì ń jókòó síbi ẹ̀kọ́, ka ìtàn àwọn sàábé obìnrin fúnra wọn. Wọ́n pàdé Sumayyah, wọ́n pàdé Nusaybah, wọ́n sì pàdé Rumaysa. Nígbà tí àwọn náà di abiyamọ, ènìyàn ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ wọn jọ. Ní kíláàsì mi, Aisha àti Maryam kò lóǹkà. Bí a bá pe Aisha, ọmọ mẹ́rin lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Rumaysa kan ṣoṣo ni mo ti kọ́ rí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Tọ́kì, kò ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀. Rümeysa ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wo fóònù lè ti rí Rumeysa Gelgi, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì tí ìwé Guinness kéde ní 2021 pé òun ni obìnrin tó ga jù lọ láàyè, tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Orúkọ ìyá Anas ló ń jẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìtumọ̀. Kí a má tan ara wa jẹ: Bàbá Áfáà tọ̀nà. Kò sí òdòdó kankan nínú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. "Ramas" ni ipin tí ó ń kó jọ sí ìkángun ojú. Al-Jawhari, tí ó kọ ìwé atúmọ̀ èdè tí a ń pè ní as-Sihah, tilẹ̀ pín in sí méjì: bí ó bá ń ṣàn, "ghamas" ni, bí ó bá gbẹ, "ramas" ni. Obìnrin tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni "Ramsa". Rumaysa wá jẹ́ ìsọdikékeré rẹ̀, èyí tí àwọn onígírámà ń pè ní tasghir. Àwọn Lárúbáwá máa ń fi tasghir ṣe ìkẹ́. Láti ara Hasan ni Husayn ti wá. Láti ara Umar ni Umayr ti wá. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ túmọ̀ Rumaysa dáadáa, ó sún mọ́ kí ìyá kan máa pe ọmọ rẹ̀ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ní "olójú-ipin mi". Àbí àwa náà kì í pe ọmọ wa bẹ́ẹ̀? Àwọn baba ńlá wa sọ ọmọ ní Ààtàn, wọ́n sọ ọmọ ní Àkísàtán, wọ́n sì di bàbá ẹni ńlá pẹ̀lú orúkọ náà.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ lé lórí, nítorí mo ń rí i nínú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ. Lẹ́tà sọ́ọ̀dì ni ó wà nínú orúkọ yìí, kì í ṣe síìnì. Nínú lẹ́tà wa kò sí ìyàtọ̀, "s" kan náà ni a ń kọ. Ṣùgbọ́n ní Lárúbáwá, bí ẹ bá fi síìnì kọ ọ́, gbòǹgbò "rams" ni ẹ lọ, ìyẹn sì ni sàréè. Tí ẹnì kan bá wá bẹ̀rù ipin tí ó sì bọ́ sí sàréè ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí áfáà tí ó mọ̀ ọ́n kọ kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ ipin yìí ní ìtàn kan lójú sánmọ̀, ó sì wù mí púpọ̀. Nínú sūrah an-Najm, Ọlọ́hun sọ fún wa pé Òun ni Olúwa ìràwọ̀ kan tí ń jẹ́ ash-Shi'ra, nítorí àwọn kan wà nínú àwọn Lárúbáwá tí wọ́n ń sìn ín. Méjì ni Shi'ra lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Èkíní ni al-Abur, èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ìràwọ̀ alẹ́, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Sirius. Èkejì ni al-Ghumaysa, tí àwọn ń pè ní Procyon. Wọ́n a máa pa á nítàn pé àbúrò ni àwọn méjèèjì jẹ́ fún ìràwọ̀ kan tí ń jẹ́ Suhayl. Suhayl sá lọ sí ìhà gúúsù. Al-Abur tẹ̀ lé e, ó sọdá ìlà funfun bí èéfín tí ó la sánmọ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní "ẹni tí ó sọdá". Ìkejì kò lè sọdá. Ó dúró sí ìhà ìhín, ó ń sunkún àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kún fún ipin. Bí ó ṣe di al-Ghumaysa nìyẹn, "olójú-ipin".

Ìtàn àwọn aláìmọ̀kan ni, a kò gbà á gbọ́. Àmọ́ ó jẹ́ kí a mọ ohun tí Lárúbáwá kan ń rántí bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: ojú tí ẹkún ìfẹ́ ti pa. Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ bọ́ sí ìta lálẹ́ oṣù Fébúárì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì, bí ọyẹ́ kò bá bo sánmọ̀. Ẹ wo òkè tààrà. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù, tí ó rọ̀ díẹ̀ sí gúúsù, ni al-Abur. Al-Ghumaysa ni èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àárín orí yín. Suhayl ń bẹ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní gúúsù. Ìlà funfun yẹn sì wà láàárín àwọn àbúrò méjèèjì lóòótọ́, níbi tí iná mànàmáná kò bá ti pọ̀ jù. Títí di òní, ìràwọ̀ kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Procyon ń jẹ́ Gomeisa nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gbogbo àgbáyé.

Kí a bọ́ sí ilẹ̀ wàyí, ní Mọdínà, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí orúkọ yìí fi di orúkọ wà. Òun ni Umm Sulaym, ọmọbìnrin Milhan, ará ilé Banu an-Najjar nínú ẹ̀yà Khazraj. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí orúkọ àbísọ rẹ̀: àwọn kan ní Sahlah, àwọn kan ní Rumaylah, àwọn kan ní Mulaykah. Ṣùgbọ́n Rumaysa àti Ghumaysa ni ó bọ́ sẹ́nu Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú ọ̀rọ̀ tí a ó sọ láìpẹ́. Ipin tí ó gbẹ àti ipin tí ó ń ṣàn, ẹ ṣáà rí i.

Malik ọmọ an-Nadr ni ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, òun ni ó bí Anas fún. Nígbà tí Islam dé Mọdínà, ó gbà á, ọkọ rẹ̀ kò gbà. Ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ kékeré ní gbólóhùn ìjẹ́rìí, ọkọ rẹ̀ sì ń bínú pé ó ń ba ọmọ òun jẹ́. Malik fi ìbínú lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Opó ni obìnrin yìí dà, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

Abu Talha wá tọrọ rẹ̀. Olówó ni, ọ̀gágun ni, tafàtafà ni. Umm Sulaym sọ fún un pé irú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń kọ̀, àmọ́ abọ̀rìṣà ni ó, Mùsùlùmí sì ni òun, kò lẹ́tọ̀ọ́. Bí ó bá gba Islam, ìyẹn ni yóò jẹ́ sọ̀dáàkì òun, òun kò ní béèrè ohun mìíràn. Nínú ìròyìn kan, ó bi í léèrè pé ṣé kò mọ̀ pé igi tí ó hù láti inú ilẹ̀ ni ohun tí ó ń sìn. Abu Talha lọ rò ó, ó padà wá, ó gba Islam, yìgì sì so. Thabit tí ó gba ìròyìn yìí lẹ́nu Anas sọ pé òun kò gbọ́ nípa obìnrin kankan rí tí sọ̀dáàkì rẹ̀ níyì ju ti Umm Sulaym lọ. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń kọ ìwé ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ, n kò ní kí ẹ má gba owó o. Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí ẹnì kan gbà.

Nígbà tí Ànábì ṣí wá sí Mọdínà ní ọdún 622, àwọn ènìyàn ń mú ẹ̀bùn wá. Umm Sulaym mú Anas, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ní kí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun gbà á kí ó máa ṣiṣẹ́ fún un, kí ó sì ṣe àdúrà fún un. Ọdún mẹ́wàá ni Anas fi wà níbẹ̀. Hádíìsì tí wọ́n gbà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Bí a bá ń ka Bukhari tí a sì ń gbọ́ "láti ọ̀dọ̀ Anas" ní gbogbo ìgbà, ẹ̀bùn ìyá kan ni a ń jẹ.

Kò tijú láti béèrè ohun tí kò yé e. Òun ni ó dìde bi Ànábì bóyá ìwẹ̀ di dandan fún obìnrin tí ó bá lá irú àlá tí ọkùnrin ń lá. Àwọn ìyá onígbàgbọ́ tí ó wà níbẹ̀ bo ojú nítorí ìtìjú, àmọ́ ó gba èsì: bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá rí omi. Títí di òní, èsì náà ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà. Ní ọjọ́ Uhud, Anas rí ìyá rẹ̀ àti Aisha tí wọ́n ká aṣọ sókè, tí wọ́n ń gbé àpò omi sẹ́yìn, tí wọ́n ń fún àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ mu. Ní Hunayn, ọdún kẹjọ Hijrah, wọ́n bá ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ànábì béèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó ní bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá bá sún mọ́ òun, òun yóò fi la ikùn rẹ̀. Ànábì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó kú ni ó jẹ́ kí n gbà pé orúkọ yìí tó gbé. Ó bí ọmọkùnrin kan fún Abu Talha, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì sọ pé Abu Umayr ni, ọmọ tí Ànábì máa ń bá ṣeré nípa ẹyẹ kékeré tí ó ń sìn. Ọmọ náà ṣàìsàn, Abu Talha sì jáde. Kí ó tó dé, ọmọ ti kú. Umm Sulaym sọ fún àwọn ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un ṣáájú òun. Nígbà tí ọkọ dé tí ó béèrè ọmọ, ó ní ara rẹ̀ ti balẹ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kò purọ́. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ. Ó ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sùn pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá bi í pé: bí àwọn kan bá yá ará ilé kan ní nǹkan, tí wọ́n wá béèrè rẹ̀ padà, ṣé ó tọ́ kí ará ilé náà fi dù wọ́n? Ó ní rárá. Ó ní, ọmọ rẹ ni mò ń sọ.

Abu Talha bínú. Èmi náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ ka á ní ilé-kéú, mo rò pé obìnrin yìí le jù. Ìgbà tí mo bí ọmọ tèmi ni mo tó mọ ohun tí ó ṣe: ó dá nìkan ru ẹrù náà títí ọkọ rẹ̀ fi jẹun, tí ó sì sinmi. Ilẹ̀ mọ́, Abu Talha lọ sọ fún Ànábì, Ànábì sì ṣe àdúrà pé kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òru àwọn méjèèjì. Ó lóyún. Nígbà tí ó bí, ó kọ̀ kí ọmọ náà jẹ ohunkóhun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Anas ni ó gbé e lọ pẹ̀lú èso dàbínù. Ànábì jẹ dàbínù náà lẹ́nu, ó fi sí ọmọ lẹ́nu, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Ó ní àwọn Ansar fẹ́ràn dàbínù púpọ̀. Ó sì sọ ọmọ náà ní Abdullah. Ọ̀kan nínú àwọn Ansar sọ lẹ́yìn náà pé òun rí mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọ, gbogbo wọn ni ó ti ka Al-Kùránì.

Ará ilé tí kì í bẹ̀rù ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin ni Umm Haram, tí ó bẹ Ànábì pé kí ó ṣe àdúrà kí òun wà nínú àwọn tí yóò gun òkun lọ jagun. Ó di arúgbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Kípírọ́sì ní ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n Hijrah, ó ṣubú lórí ẹran ìgùn, ó sì kú síbẹ̀. Mọ́sálásí Hala Sultan ní ẹ̀bá Larnaca ni wọ́n ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi sàréè rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí Bàbá Áfáà ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, Islam náà kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú orúkọ. Ọmọbìnrin Umar kan ń jẹ́ Aasiyah, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ aláìgbọràn. Ànábì yí i sí Jamilah. (Ẹ jọ̀wọ́, ìyẹn kì í ṣe Aasiyah ìyàwó Firiaona, lẹ́tà wọn yàtọ̀.) Ó yí Barrah padà sí Juwayriyah. Ó ní kí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hazn, ilẹ̀ líle, máa jẹ́ Sahl, ilẹ̀ tó rọrùn. Ọkùnrin náà kọ̀, ó ní òun kò ní pa orúkọ tí bàbá òun sọ òun dà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Sa'id ọmọ al-Musayyab, jẹ́rìí pé líle náà kò kúrò nínú ìdílé àwọn. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni, mo sì sọ fún ọmọ kéú mi pé kí ó má ṣe bínú sí bàbá rẹ̀ àgbà rárá. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù fún ọmọ ni.

Àmọ́ kí ni ẹni tí ó yí gbogbo ìwọ̀nyẹn padà ṣe sí orúkọ yìí? Nínú Bukhari, láti ọ̀dọ̀ Jabir, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ròyìn pé òun rí ara òun tí òun wọ Àlùjánnà, òun sì rí Rumaysa, ìyàwó Abu Talha, níbẹ̀. Nínú Muslim, láti ọ̀dọ̀ Anas, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú Àlùjánnà, ó béèrè ẹni tí ó ni í, wọ́n sì sọ fún un pé Ghumaysa ọmọ Milhan ni, ìyá Anas. Wọn kò pè é ní Jamilah níbẹ̀. Wọn kò wá òdòdó kún un. Orúkọ olójú-ipin náà ni wọ́n fi pè é nínú Àlùjánnà, nígbà tí ó ṣì ń rìn lórí ilẹ̀ Mọdínà. Lójú tèmi, láti ọjọ́ náà, ìwé atúmọ̀ èdè nìkan kọ́ ni a ń wò fún ìtumọ̀ Rumaysa mọ́.

Mo kọ hádíìsì méjèèjì ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí ó kà á fún Bàbá Áfáà lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ó kúnlẹ̀ kà á, kí ó má sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ òdòdó mọ́. N kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Mo dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo bá Bàbá Áfáà lórí àga, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Wọ́n ní, "Ùsítáàsì, Ghumaysa inú Muslim yẹn, mo ti kà á láìlóǹkà. N kò mọ̀ pé òun náà ni." Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n pe ìrun sí i létí ọ̀tún, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn pe orúkọ náà, wọ́n pe sọ́ọ̀dì inú rẹ̀ débi tí gbogbo ilé fi gbọ́.

Ìyá àgbà ọmọ náà ni wọ́n gbé e fún lẹ́yìn náà. Màmá yẹn ń jẹ́ Rìsíkátù. Wọ́n wo ọmọ náà lójú, wọ́n fi ìka nu ìkángun ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Rùméísátù, káàbọ̀ o." Orúkọ yìí kò ní táà róbótó nínú, kò sí bí "tù" ṣe lè dé ibẹ̀ nínú gírámà. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, mo tún pa á dé.